Kí Ni Ìlà Kan Dúró Fún? Ìrànlọ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ̀rì Tó Ń Fi Èdè R Tún Dátà Tò

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè R kì í pẹ́ pàdé àwọn lẹ́tà pupa lójú kọ̀ǹpútà. Ó kọ àṣẹ, ó tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà sì dá a lóhùn pé ohun tó wí kò yé òun. Nítorí pé irú àṣìṣe yìí máa ń pariwo, òun ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń kọjú sí: wọ́n á bá akẹ́kọ̀ọ́ wá àmì ìdánudúró tó sọnù tàbí akámọ́ tí kò pa dé, lẹ́tà pupa á kúrò, oníkálukú á sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé ìrànlọ́wọ́ tó bá parí síbẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Èyí tó ń ba iṣẹ́ ọ̀gbẹ̀rì jẹ́ jù ni àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà kì í sọ rárá: àṣẹ ṣiṣẹ́, nọ́ńbà jáde, nọ́ńbà náà sì jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí èyí ti ń wá ni pé ẹni náà kò mọ ohun tí ìlà kan dúró fún nínú àtẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pinnu ohun tí ìlà kan yóò dúró fún nínú àtẹ tó fẹ́ kó jáde. (Ìlà ni mo ń pe èyí tó dùbúlẹ̀ nínú àtẹ, òpó ni èyí tó nàró.) Ibẹ̀ ló yẹ kí olùrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kóòdù tó dé.

Ẹ jẹ́ ká mú àkójọ dátà kékeré kan tó bá R wá, airquality. Ìlà 153 ló ní, ìlà kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ọjọ́ kan ní ìlú New York láàárín oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973. Òpó kan nínú rẹ̀ sọ bí ozone ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀gbẹ̀rì bá ní kí R wá ìpíndọ́gba òpó yìí fún òun, NA ni yóò rí, nítorí pé ọjọ́ 37 wà tí kò sí iye kankan fún. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún un ni pé kó fi na.rm = TRUE kún àṣẹ rẹ̀, kí R lè fo àwọn ọjọ́ tó ṣófo. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, 42.13 jáde, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìmọ̀ràn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tó. Nínú ọjọ́ 37 tó ṣófo yẹn, oṣù Kẹfà nìkan ló ni 21. Tí ẹni náà bá wá ń fi oṣù wé oṣù, 29.44 ni yóò rí fún oṣù Kẹfà àti 59.12 fún oṣù Keje, yóò sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ozone di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni nọ́ńbà ti oṣù Kẹfà dúró lé. Ti oṣù Keje dúró lé ọjọ́ 26. Bóyá ozone pọ̀ sí i lóòótọ́, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, na.rm kò lè sọ fún un, kò tilẹ̀ ní jẹ́ kó mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè.

Nínú àtẹ yìí kan náà, ọjọ́ méje ni ozone ju 100 lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi àmì akámọ́ onígun ti R yọ wọ́n jáde, ìlà 44 ni yóò rí gbà: méje tòótọ́, àti 37 tí NA kún láti òpó àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Tó bá lo subset, tàbí filter inú dplyr (àkójọ àṣẹ àfikún kan fún R), méje péré ni yóò rí. Kò sí lẹ́tà pupa níbì kankan. A lè ní kó há ìyàtọ̀ yìí sórí, ó sì wúlò kó mọ̀ ọ́n, àmọ́ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú R ju ohun tí orí ọ̀gbẹ̀rì lè gbà lọ. Ẹni tó ti mọ̀ pé ọjọ́ kan ni ìlà kan, tó wá rí ìlà tí kò ní oṣù, tí kò ní déètì, yóò béèrè pé ọjọ́ wo nìyí. Ìbéèrè yẹn á gbà á nínú ọ̀fìn tí kò tíì sí ẹni tó kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ New York rọrùn nítorí pé àtẹ kan ṣoṣo ni. Ẹ wo ìwádìí NDHS ti ọdún 2018, èyí tí wọ́n ṣe lórí iye ènìyàn àti ìlera ní Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa ń lò fún iṣẹ́ àṣekágbá. Agboolé 40,427 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, pẹ̀lú obìnrin 41,821 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49. Fáìlì tó jáde nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Nínú ọ̀kan, ìlà kan jẹ́ agboolé kan. Nínú òmíràn, ẹnì kan tó ń gbé inú agboolé. Nínú ẹ̀kẹta, obìnrin kan. Nínú ẹ̀kẹrin, ọmọ kan tí wọ́n bí. Fáìlì àwọn obìnrin tún gbé ìtàn ìbímọ wọn sí ìbú, àyè ọmọ ogún fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òpó yẹn ṣófo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ ọjọ́ orí ìyá nígbà tó bí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè lo ọ̀sẹ̀ gbáko lórí fáìlì yìí, kó máa wá àṣẹ tó máa yí òpó padà sí ìlà, nígbà tí fáìlì tí ìlà rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ kan wà nílẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ni ó fẹ́ kí ìlà kan jẹ́.

Síso fáìlì méjì pọ̀ ni ó tún le jù. Nọ́ńbà agboolé máa ń tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣà fún ìwádìí náà, àwọn àdúgbò ọ̀hún sì sún mọ́ 1,400. Nítorí náà òpó méjì, nọ́ńbà àdúgbò àti nọ́ńbà agboolé, ló gbọ́dọ̀ jọ jẹ́ kọ́kọ́rọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi nọ́ńbà agboolé nìkan so wọ́n, obìnrin kan láti Ìbàdàn yóò di ará ilé àwọn ènìyàn ní Sókótó, ní Calabar àti níbi gbogbo tí nọ́ńbà náà bá ti tún wáyé. Àṣẹ merge kò ní ráhùn sí i. Dplyr pàápàá, ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ nígbà tí ìlà púpọ̀ níhìn-ín bá bá ìlà púpọ̀ lọ́hùn-ún mu. Ká tilẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ náà pé, ilé tí obìnrin mẹ́ta bá wà yóò fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta nínú àtẹ tuntun. Ẹni tó bá wá ka iye agboolé tó ní iná mọ̀nàmọ́ná látinú àtẹ yẹn ti ka ilé àwọn obìnrin púpọ̀ ní ìlọ́po. Ìṣirò rẹ̀ kò ní àléébù, ìlà rẹ̀ ló ti di obìnrin, òun sì ṣì ń pè é ní ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé nìyí. Lọ́dún 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff gbé iṣẹ́ jáde lórí gbèsè àti ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé. Wọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè tí gbèsè wọn bá ju ìdá 90 nínú 100 ohun tí wọ́n ń pèsè lọ́dún ń fà sẹ́yìn ní ìdá 0.1 nínú 100. Lọ́dún 2013, Thomas Herndon, Michael Ash àti Robert Pollin tún iṣẹ́ náà ṣe, 2.2 ni wọ́n sì rí, ìdàgbàsókè ni, kì í ṣe ìfàsẹ́yìn. Ohun tí ayé gbọ́ jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àṣẹ kan nínú Excel fo orílẹ̀-èdè márùn-ún. Èyí tó kàn wá jù níhìn-ín ni òmíràn. Reinhart àti Rogoff kọ́kọ́ wá ìpíndọ́gba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó wá ìpíndọ́gba àwọn ìpíndọ́gba náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan ṣoṣo ti New Zealand, tí ó jẹ́ -7.6, ṣe wúwo tó ọdún 19 ti Bìrìtìkó, tí ó jẹ́ 2.4. Ẹni tó gbà pé ìlà kan jẹ́ orílẹ̀-èdè kan kò ní rí nǹkan burúkú níbẹ̀, àwọn tó kọ iṣẹ́ náà sì gbèjà ọ̀nà wọn. Ẹni tó gbà pé ìlà kan jẹ́ ọdún kan ní orílẹ̀-èdè kan yóò kọminú. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló máa bá wa yan èyí tó tọ́. Ènìyàn ló ń yàn án, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ń yàn án.

Ìdí mìíràn tí mo fi fi ìbéèrè yìí ṣáájú àṣẹ ni pé àṣẹ kì í pẹ́ lórí oyè. Fún iṣẹ́ kan náà, yíyí òpó padà sí ìlà, R ní reshape nínú ara rẹ̀. Hadley Wickham mú melt àti cast wá. Gather àti spread dé lọ́dún 2014. Lọ́dún 2019, pivot_longer àti pivot_wider gba ipò wọn. Ẹni tó há ti 2014 sórí ní láti tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ tí Wickham fúnra rẹ̀ kọ lọ́dún 2014 nínú Journal of Statistical Software kò tíì gbó: kí òpó kan jẹ́ ohun kan tí a wọ̀n, kí ìlà kan jẹ́ ohun kan tí a ṣàkíyèsí, kí irú ohun kọ̀ọ̀kan ní àtẹ tirẹ̀. Òun náà sì jẹ́wọ́ pé ìlànà yìí ti wà nínú iṣẹ́ tí E. F. Codd ṣe ṣáájú lórí àkójọ dátà.

Báwo wá ni ìrànlọ́wọ́ náà ṣe rí? Olùrànlọ́wọ́ á ní kí ọ̀gbẹ̀rì mú ìlà mẹ́fà tàbí méje wá nínú dátà rẹ̀, àṣẹ dput wà fún èyí, kó sì fi ọwọ́ kọ àtẹ tó fẹ́ kó jáde nínú àwọn ìlà yẹn sórí ìwé, nọ́ńbà pẹ̀lú nọ́ńbà. Kó kọ sí abẹ́ àtẹ méjèèjì ohun tí ìlà kan jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ kóòdù. Iṣẹ́ yìí máa ń sunni, n kò ní purọ́, ó sì máa ń bí àwọn tó ń kánjú nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fi ọwọ́ kọ ìdáhùn fún ìlà mẹ́fà kò tíì ní ìbéèrè tí R lè dáhùn fún ẹgbàá ogún ìlà.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mo ń sọ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ṣèwádìí lórí bí ọ̀gbẹ̀rì ṣe ń kọ́ nǹkan tuntun. John Sweller àti Graham Cooper fi hàn lọ́dún 1985, nínú ìṣirò algebra, pé ẹni tuntun ń tètè kọ́ ẹ̀kọ́ láti inú àpẹẹrẹ tí a ti ṣe parí ju kí a da ìṣòro lé e lórí lọ. Ní ti kóòdù, Raymond Lister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà rí i lọ́dún 2004 pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò tilẹ̀ lè tọ ipasẹ̀ kóòdù kékeré tí ẹlòmíràn kọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò ní fún ọ̀gbẹ̀rì ní kóòdù tó ṣiṣẹ́, kó máa kà á? Mo gba ìwádìí méjèèjì, mo sì gbà pé kò sí èrè nínú fífi àṣẹ pamọ́ fún ẹni tí ebi rẹ̀ ń pa. Ohun tí mo kọ̀ ni àpẹẹrẹ tó jẹ́ kóòdù nìkan. Nínú iṣẹ́ dátà, títọ ipasẹ̀ kóòdù kò yàtọ̀ sí wíwo bí àtẹ ṣe ń yí padà lẹ́yìn àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Àpẹẹrẹ tó pé ni èyí tó fi àtẹ hàn ṣáájú, tó fi hàn láàárín, tó tún fi hàn lẹ́yìn, pẹ̀lú iye ìlà. Àmì |> tó wọ inú R lọ́dún 2021 mú èyí rọrùn, nítorí pé a lè gé ìsokọ́ra àṣẹ níbi tó bá wù wá, ká wo ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde. Ìwádìí Sweller kò ta ko èyí. Ó sọ irú àpẹẹrẹ tó yẹ ká ṣe.

Àríyànjiyàn lórí bóyá tidyverse (ìdílé àkójọ àṣẹ tí dplyr wà nínú rẹ̀) ló yẹ kí ọ̀gbẹ̀rì fi bẹ̀rẹ̀ tàbí R gidi kò gba àyè púpọ̀ lọ́wọ́ mi. Kí olùkọ́ yan ọ̀kan, kó dúró tì í.

Àwọn kan á tún sọ pé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n tó ń kọ kóòdù ti dé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ti tán. Ní tèmi, ìgbà yìí gan-an ló le sí i. Ẹ̀rọ náà ti gba iṣẹ́ àmì ìdánudúró àti akámọ́ kúrò lọ́wọ́ wa, ó sì ń ṣe é dáadáa. Lẹ́tà pupa á dín kù. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún un pé kó so fáìlì agboolé mọ́ ti obìnrin, tí kò sì sọ ohun tí ìlà kan yóò jẹ́ lẹ́yìn náà, yóò rí kóòdù tó mọ́ gaara gbà, tí kò ní jẹ́ kó fura. Ẹni tí kò mọ iye ìlà tó yẹ kó retí kò ní ohun tó máa fi yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò.

Àǹfààní kan wà tí kò yẹ kí olùkọ́ ilẹ̀ wa fi ṣòfò. Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ àṣẹ R, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀rọ̀ tó fi ń ráhùn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, wọ́n á sì máa bá a bẹ́ẹ̀. Àmọ́ agboolé ni àbí ẹnì kan, ọjọ́ ni àbí oṣù, ìyá ni àbí ọmọ: ìjíròrò yìí kò nílò Gẹ̀ẹ́sì kankan, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi Yorùbá jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdánwò náà lè tẹ̀lé e. Bí a bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlà mẹ́wàá nínú fáìlì agboolé NDHS àti ìlà méjìlá nínú ti obìnrin, tí a ní kó kọ iye ìlà tí yóò jáde bí a bá so wọ́n, àti ìdí rẹ̀, kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, máàkì tó bá gbà níbẹ̀ yóò sọ fún wa ju èyí tó gbà nítorí pé ó rántí bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ ìsopọ̀ left_join.