ÀWỌN BÀBÁ WA TÍ NWỌ́N LỌ SÍ ÍŃDÍÀ: BÍ ARÁ ÌLÁ ÀTI ÌGBÓMÌNÀ TI LÈ TỌ IPASẸ̀ WỌN

Kò ṣọ̀wọ́n nínú agbo-ilé Ìgbómìnà, ìbáà ṣe ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá tàbí ní Ọ̀rà, láti gbọ́ pé bàbá kan nínú ẹbí lọ sí Íńdíà rí. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè pé apá ibo ní ilẹ̀ Íńdíà, l’ọ́dún wo, àti lábẹ́ ọ̀gágun wo, ọ̀rọ̀ a wọlẹ̀. Ẹnìkan a ní Bọ́mà ni. Ẹlòmíràn a ní kì í ṣe Bọ́mà, Kàlìkọ́tà ni. Ẹnìkẹta a sì gbé ìràwọ̀ idẹ kékeré kan jáde láti inú àpótí, a ní ohun tí bàbá mú bọ̀ nìyí. Àwọn tí ó lè jẹ́rìí sí i fẹ́rẹ̀ tán l’áiyé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jẹ́ ẹni ogún ọdún ní 1943 ìbá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2023. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ èyí tí ó dájú sílẹ̀, kí ọmọ tí ó bá ńfẹ́ tọ ipasẹ̀ bàbá rẹ̀ lè mọ ọ̀nà tí yió gbà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ńṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tipẹ́, nítorí tí púpọ̀ nínú àwọn bàbá ńlá wọn gbé Íńdíà, tí nwọ́n kú níbẹ̀: sójà, akọ̀wé, adájọ́, òṣìṣẹ́ ojú irin. Ìwé ìjọ ni ó ṣe é ní ìrọ̀rùn fún wọn. Àwọn àlùfáà tí ó wà níbẹ̀ a máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀, a sì máa da èyí tí nwọ́n kọ kọ, a fi ránṣẹ́ sí London. Ti Madras bẹ̀rẹ̀ láti 1698, ti Bombay láti 1709, ti Bengal láti 1713. Nwọ́n wà ní Ilé-Ìkàwé Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. L’ọ́dún 1998 nwọ́n tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Families in British India Society, fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yió ṣí ìwé, yió rí orúkọ bàbá, iṣẹ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí a sin ín.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún wa. Àwọn bàbá tiwa kò lọ láti gbé ibẹ̀. Ogun ni ó gbé wọn lọ; ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni púpọ̀ nínú wọn lò, nwọ́n sì padà. Ìwé ìrìbọmi Bombay kò mọ̀ wọ́n. Ìwé tí ó mọ̀ wọ́n ni ìwé àwọn sójà, ìwé náà kò sì kọ wọ́n bí a ti mọ̀ wọ́n ní ilé, gẹ́gẹ́ bí èmi yió ti fi hàn.

Kí a kọ́kọ́ yanjú ìjà Íńdíà àti Bọ́mà. Ilẹ̀ Bọ́mà, tí à ńpè ní Myanmar nísisiyí, wà lábẹ́ ìjọba Íńdíà títí di oṣù April 1937. Ọdún márùn-ún péré lẹ́hìn tí a yà wọ́n ni àwọn ará Jàpáànì gbà á. Bombay ni púpọ̀ nínú àwọn sójà wa ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní Íńdíà ni nwọ́n ti kọ́ ìjà inú igbó. Láti Íńdíà ni nwọ́n ti rékọjá sí Bọ́mà. Íńdíà náà ni nwọ́n sì padà sí nígbàtí ogun parí, tí nwọ́n dúró de ọkọ̀ tí yió gbé wọn wá sí ilé. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá ní Íńdíà, tí àbúrò rẹ̀ ní Bọ́mà, ó lè jẹ́ pé òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ńsọ nípa bàbá kan náà.

Àwọn tí ó lọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó bí 90,000, Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìpín ogun méjì ni a pín wọn sí. Ìpín 81 ni a kọ́kọ́ kó jọ ní March 1943, tí ó dé Íńdíà kí ọdún náà tó parí. Ìpín 82 tẹ̀lé e ní 1944. Láti mọ èyí tí bàbá ẹni wà, kí a wo àmì tí a rán mọ́ apá ẹ̀wù, bí ó bá ṣẹ́kù. Aláǹtakùn dúdú lórí aṣọ àwọ̀ ìyeyè ni àmì Ìpín 81, Ànáńsè inú ìtàn àwọn ará Gold Coast, ẹni tí ó jẹ́ fún wọn bí ìjàpá ti jẹ́ fún wa. Ọ̀kọ̀ méjì tí ó kọ ara wọn lórí òṣùká ni ti Ìpín 82. Ẹni tí ó ronú kan òṣùká mọ ohun tí ó ńṣe, nítorí orí ni àwọn ènìà wa fi ru ogun náà. Yàtọ̀ sí àwọn tí ó mú ìbọn, ọ̀pọ̀ aláàárù wà nínú Ìpín kọ̀ọ̀kan, tí nwọ́n ńru ọta ìbọn, oúnjẹ àti ẹni tí ó fara pa gba orí òkè kọjá, níbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Mo ti gbọ́ kí ọmọ máa tijú pé aláàárù lásán ni bàbá òun. Èmi kò rí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ìtàn tí bàbá sọ pẹ̀lú a máa fi ọ̀nà hàn. Bí ó bá sọ pé ọkọ̀ òfúrufú ni ó gbé àwọn sọ̀kalẹ̀ sí àárín igbó lẹ́hìn ọ̀tá, Ẹ̀ka Kẹta ni ó wà, bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12 ti Nàìjíríà, tí a yọ kúrò lára Ìpín 81 tí a sì fi fún Ọ̀gágun Wingate. Àwọn ni à ńpè ní Chindit. Bí ó bá sọ pé àwọn fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà gba orí òkè, tí oúnjẹ sì ńbọ́ láti ojú ọ̀run, ó wà nínú àwọn ìyókù Ìpín 81, tí nwọ́n la ọ̀nà máìlì 75 láti Chiringa dé Daletme ní àfonífojì odò Kaladan, tí ọkọ̀ òfúrufú sì ńbọ́ wọn ní gbogbo àkókò tí nwọ́n fi jà níbẹ̀. Àwọn ni ó gba ìlú Myohaung ní January 1945 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ìpín 82. Ẹni tí ó bá ńdárúkọ Buthidaung àti Dalet, ó ṣeéṣe kí ó jẹ́ ti Ìpín 82. Àwọn ibùdó sójà wa ní Nàìjíríà ńjẹ́ orúkọ àwọn ibi wọ̀nyí títí di òní: Arakan ní Apapa, Myhoung ní Yaba, Dodan ní Ìkòyí, Chindit ní Zaria. Ọ̀pọ̀ ènìà ni ó ńkọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí nwọ́n rò pé èdè Hausa ni.

Àmì kan tún wà. Hausa ni èdè tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà fi ńgbọ́ra fún ìgbà pípẹ́. Bí bàbá kan ní Ìlá bá gbọ́ Hausa dáradára, tí kò sì ṣòwò lọ sí òkè Ọya rí, kí a bèèrè bóyá ó ṣe sójà.

Wàyí o, mo dé ibi tí ó le jù, èyí ni orúkọ. Nígbàtí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá lọ gba iṣẹ́ sójà, akọ̀wé yió bèèrè orúkọ méjì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìwé òyìnbó ti fẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa nígbà náà kò ní orúkọ kejì ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé a sì mú orúkọ ìlú rẹ̀, a fi kún un. Bí Musa tí ó ti Kano wá ti di Musa Kano, bẹ́ẹ̀ ni Òjó tí ó ti Ìlá wá a di Ojo Ila. Ní Ìlá, kò sí ẹni tí yió pè é bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo wọn ni ó jẹ́ ti Ìlá. Òjó ọmọ lágbájá ní agbo-ilé báyìí ni nwọ́n mọ̀. Èyí tí gbogbo wọn jọ ní ni akọ̀wé kọ. Agbo-ilé tí ìbá yà á sọ́tọ̀ ni ó fi sílẹ̀. Ẹ sì wo bí Òjó ti pọ̀ tó: gbogbo ọmọkùnrin tí ó bá ti gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn wá sí áiyé ni. Àìná, Àjàyí àti Òkè rí bákan náà.

Ìlú tí a kọ náà lè ṣini lọ́nà. Akọ̀wé a máa kọ Ìlá ní Ila tàbí Illa, bẹ́ẹ̀ ni ìlú mìíràn tí à ńpè ní Illah wà létí Odò Ọya lẹ́bàá Asaba, tí kì í ṣe ti Yorùbá rárá. Ará Òkè-Ìlá lè di ará Ìlá bí akọ̀wé bá fo Òkè. Ọmọ abúlé mìíràn a sì dárúkọ Òṣogbo tàbí Ìlọrin, nítorí ó mọ̀ pé akọ̀wé kò gbọ́ orúkọ abúlé òun rí. Ìjọba òyìnbó tún dá kún un: nwọ́n fi Ìlá àti Òkè-Ìlá sí ìhà gúúsù, lábẹ́ Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, nwọ́n sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú Ìgbómìnà sí ìhà àríwá, lábẹ́ Ìlọrin. Ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan ńṣe oko ní ìhà ìhín, tí èkejì ńgbé ìhà ọ̀hún, lè di ará ìgbèríko méjì nínú ìwé sójà. Ààlà náà kò parẹ́. Òun ni ó wà láàárín Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá ní 1991, àti Ìpínlẹ̀ Kwara.

Nítorí náà nọ́ńbà dára ju orúkọ lọ. Gbogbo sójà ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí lẹ́tà NA ṣíwájú rẹ̀ fún ti Nàìjíríà. Bí ìwé tí a fi dá bàbá sílẹ̀ l’ẹ́nu iṣẹ́ bá wà ní àjà tàbí nínú àpótí, kí a má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Nọ́ńbà náà ni kí a kọ́kọ́ dà kọ. Bí kò bá sí, kí a lọ sí ìwé ìjọ, kì í ṣe ti Bombay, ti ilé ni. Ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó ní ìjọ wa ńkọ orúkọ bàbá, nígbà púpọ̀ nwọ́n sì ńkọ ibi tí ẹni náà ńgbé, èyí tí akọ̀wé sójà fò. Ti Mùsùlùmí àti ti àwọn tí ó wà nínú ẹ̀sìn àtijọ́ kò sí nínú rẹ̀, ó sì di dandan kí a lọ bá àwọn ìyá àgbà nínú agbo-ilé wọn, nítorí àwọn ni ó mọ ọmọ tí a bí nígbàtí bàbá rẹ̀ kò sí nílé.

Ẹni tí ó bá rò pé òtúbáńtẹ́ ni irú ìwádìí yìí, kí ó gbọ́ ti Isaac Fadoyebo ti Èmùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbàtí ó wọ iṣẹ́ sójà ní 1942. Ní March 1944 àwọn ará Jàpáànì kọlu ilé ìwòsàn ogun tí ó wà lẹ́bàá odò Kaladan, ìbọn sì fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti ará Sierra Leone kan, David Kargbo, ni ó kù. Àgbẹ̀ kan, Mùsùlùmí, tí ó ńjẹ́ Shuyiman, gbé wọn pamọ́, ó sì ńbọ́ wọn títí àwọn sójà Gurkha fi rí wọn ní December. Fadoyebo kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé tí a tẹ̀ ní 1999. Ní 2011 oníròhìn kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá abúlé náà kàn. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ gba lẹ́tà náà. Fadoyebo kú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Orúkọ ènìà kan àti orúkọ abúlé kan ni nwọ́n fi rí i.

Ó ku àwọn tí kò padà. Ní àtijọ́, bí ọmọ Yorùbá bá kú sí ìdálẹ̀, a máa gé irun orí àti èékánná rẹ̀ wá sílé, a ó sì sin ín gẹ́gẹ́ bí ẹni pé òkú tìkararẹ̀ ni. Ogun Bọ́mà kò fi ààyè èyí sílẹ̀. Ìyàwó ẹni tí kò bọ̀, tí kò sí ìròhìn rẹ̀, kò mọ̀ bí òun jẹ́ adélébọ̀ tàbí opó. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe òkú, ẹbí kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ láti pín ohun tí ó ní. Mo mọ̀ pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣì wà lórí àwọn ilé kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó náà àti àwọn ọmọ ti lọ.

Ẹgbẹ́ tí ó ńtọ́jú ibojì àwọn sójà, tí a dá sílẹ̀ ní 1917, ni Commonwealth War Graves Commission. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, nwọ́n mọ ìrántí kan fún àwọn tí a kò mọ ibojì wọn, orúkọ tí a gbẹ́ sí ara òpó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ tó 27,000. Àwọn ará wa wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ibojì tiwọn ní Taukkyan náà, tàbí ní Chittagong, tí ó wà ní ilẹ̀ Bangladesh nísisiyí. Ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ inú ìwé ẹgbẹ́ náà lórí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má fi orúkọ ìdílé wá a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yió rò pé bàbá òun kò sí níbẹ̀. Orúkọ ìlú ni kí ó fi wá a, ní gbogbo ọ̀nà tí akọ̀wé lè gbà kọ ọ́, lábẹ́ Nigeria Regiment. Kí ó da gbogbo èyí tí ó bá rí kọ pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọjọ́ ikú wọn. Kí ó sì gbé e wá sí Ìlá. Níbẹ̀ ni kí ó ti máa lọ láti agbo-ilé dé agbo-ilé, kí ó máa bèèrè pé Òjó wo ni ó jáde níhìn-ín ní àkókò ogun Hitler tí kò wọlé mọ́, títí yió fi ku ẹnìkan ṣoṣo tí ọjọ́ rẹ̀ bá ọjọ́ inú ìwé mu. Nígbà náà ni kí àlùfáà ìjọ ṣí ìwé ìsìnkú, kí ó kọ Òjó sí i, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti agbo-ilé rẹ̀.