Ojú Oró Òkè-Afá

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ará ìlú kan gbà gbọ́, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ ọdún, nígbà tí ìlù ń dún tí oúnjẹ sì pọ̀, ọjọ́ tí ikú òjijì bá já lu àárín ìlú ni kí ó tẹ́tí sílẹ̀, kí ó gbọ́ bóyá ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, "Kí ni ó pa wọ́n?" tàbí pé, "Ta ni ó pa wọ́n?" Ní ilẹ̀ Oṣòdì àti Ìsọlọ̀, a ti bi ìbéèrè méjèèjì láti ìran dé ìran, ìdáhùn wa kò sì bára mu nígbà kan rí.

Ilẹ̀ Àwórì ni Ìsọlọ̀, ìlú tí ó ti ní ọba tirẹ̀ kí Èkó tó gbòòrò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Orúkọ Oṣòdì sì ń rán wa létí Oṣòdì Tápà, ọmọ Nupe tí ó sin Ọba Oṣìnlókun, tí ó di ògúnná gbòǹgbò nínú ogun Kòsọ́kọ́, tí ó bá Kòsọ́kọ́ olúwa rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn ogun 1851, tí ó padà sí Èkó ní 1862 láti tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó, tí ó sì re ibi àgbà ń rè ní 1868.

Ní ayé Oṣòdì Tápà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí àrùn tí ó ń dẹ́rù ba ọmọ ènìyàn tó ìgbóná. Ṣọ̀pọ̀ná, Ọbalúayé, ẹni tí a kì í la orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, ni wọ́n gbà pé ó ń jà. Ẹni tí ó bá sì pa, àwọn àwòrò rẹ̀ ni í sin òkú, àwọn náà ni í kó ẹrù olóògbé lọ. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí sí Sàró, fi ọgbọ́n wọ inú awo Ṣọ̀pọ̀ná ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì jáde pẹ̀lú ìròyìn pé àwọn kan nínú àwọn àwòrò ń fi èépá ara aláìsàn tan àrùn náà kálẹ̀ fúnra wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba fi òfin de awo náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹni tí òyìnbó ti gbà lọ́kàn tán ni ọkùnrin yìí, nítorí ó ti bọ́ orúkọ Williams tí a sọ ọ́ sílẹ̀ kí ó lè máa jẹ́ Sàpárà, ó sì ka ewé àti egbò ilẹ̀ wa sí iṣẹ́ tí ó yẹ kí oníṣègùn wádìí. Ní 1970 ni ìgbóná mú ẹni ìkẹyìn ní Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó lé e lọ, kì í ṣe ètùtù.

Iyèméjì kò sì bá ọkọ̀ ojú omi wọ ilẹ̀ yìí. Àwọn àgbà tí ó ní ibi tí kò bá sí ènìyàn kò sí imalẹ̀, tí wọ́n ń sọ lójú òrìṣà pé bí kò bá lè gbe àwọn, kí ó ṣe àwọn bí ó ti bá àwọn, tí wọ́n sì ń bèèrè ẹni tí ó ń ṣe ẹlẹ́rìí fún Ìmàle tí ó gbààwẹ̀ tí ó ní òun kò gbé itọ́ mì, kò ka ìwé òyìnbó kankan. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ni ó sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ. Bí a bá sì wí pé òògùn kò ṣiṣẹ́, wọ́n a ní ewé rẹ̀ kan ni ó kù. Ta ni yóò bá irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ jà tí yóò borí? Ìṣègùn òyìnbó pàápàá kò ní ìdáhùn nígbà tí àrùn ọ̀fìnkìn tí ó gba gbogbo ayé bá ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Èkó ní 1918. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí àwọn tí ó sá tọ àdúrà lọ ní ọdún náà kò gbọdọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí ilé ìwòsàn kò ní ohun tí yóò fún wọn.

Lẹ́yìn èyí ni Táí Ṣólárìn dé, ẹni tí kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ pé òun kò gba Ọlọ́run kankan gbọ́. Ó fi ipò ọ̀gá ilé-ìwé Mólúṣì ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀, ó sì dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 1956, níbi tí a kì í ti fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òwúrọ̀ nígbà náà. Àwọn òbí bú u, wọ́n sì ń kó ọmọ wọn lọ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2002 (ẹni tí ó bá ń ṣọ́ àmì yóò ti rí ọjọ́ Ṣólárìn níbẹ̀, yóò sì fi ṣe ìwàásù, èmi kò rí ohun tí ó so méjèèjì pọ̀ ju kàlẹ́ńdà lọ), iná mú ilé tí àwọn ológun ń kó àdó olóró pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà. Àdó ń bú, ilẹ̀ ń mì, gíláàsì fèrèsé ń fọ́ ní àdúgbò tí ó jìnnà réré. Àwọn kan ní ṣọ́jà tún ń gbàjọba, àwọn mìíràn ní ayé ti parí. Èrò tú jáde, ìyá pọn ọmọ, ọmọ fa àbúrò lọ́wọ́, wọ́n ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, títí wọ́n fi dé etí omi Òkè-Afá, lágbègbè Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ilẹ̀ ti ṣú. Ohun tí wọ́n rí níwájú dà bí pápá koríko, nítorí pé ewéko kan tí ó jọ ojú oró, tí ó gba Bàdágírì wọ omi Èkó ní 1984, ti bo ojú omi náà. Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò: bẹ́ẹ̀ ni a ti ń fi súre fún ọmọ wa, ní alẹ́ ọjọ́ náà sì rèé, ewé lékè, ọmọ wà nísàlẹ̀. Ẹni iwájú kò rí àyè padà; ẹni ẹ̀yìn kò mọ̀, ó ń tì í. Àwọn tí ó kú lé ní ẹgbẹ̀rún. Omi ni ó sì pa ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe àdó.

Ìdí ikú yìí kò fara sin rárá. Àdó ti gbó, ilé ìpamọ́ kò dára, ilé àwọn ènìyàn yí i ká. Ọ̀gá ológun bárékè náà fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì, ó ní àwọn ti ń gbìyànjú láti tún ibẹ̀ ṣe kí àwọn aláṣẹ tó ṣe ohun tí ó yẹ ni ìjàǹbá náà fi dé. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu púpọ̀ nínú wa ni pé àmúwá Ọlọ́run ni, kò sí ẹni tí ó lè bi í. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti rú mi lójú. Bí ọmọ ọwọ́ kan bá kú ní àdúgbò, tí ó jẹ́ pé ẹ̀fọn inú gọ́tà ẹnu ọ̀nà ni ó gbé ibà wá, a ó wá ènìyàn tí ó pa á títí a ó fi rí ìyá arúgbó kan nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ̀rún kú, tí ènìyàn tí ó ní kọ́kọ́rọ́ sì wà níbẹ̀, a kò wá ènìyàn mọ́, a gbójú sókè. A mọ ẹni tí apá wa ká.

Ní ọdún 2014, ariwo gba Oṣòdì kan pé ẹyẹ kan já bọ́ láti òfurufú, ó sì di obìnrin. Èrò pé lé obìnrin tí ó fara pa náà lórí, wọ́n ń fi ìbéèrè àjẹ́ dá a lóró, ìwé ìròyìn sì gbé e bí ẹni pé ohun tí a fojú rí ni. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn ti sọ ní ẹsẹ 210 pé ẹni tí ó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́ ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó ṣubú, tí ara rẹ̀ bó, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já gaara, ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé.

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 27 oṣù Kínní bá pé, àwọn ẹbí a máa lọ sí Òkè-Afá, níbi tí a sin púpọ̀ nínú àwọn òkú sí pọ̀. Pásítọ̀ a gbàdúrà, ààfáà a gbàdúrà, wọ́n a ṣe àmín láti inú wá. Bí àdúrà bá sì parí, àwọn ẹbí kan náà a dojú kọ àwọn oníròyìn, wọ́n a bèèrè owó ìrànwọ́ tí ìjọba ṣèlérí fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é bọ̀, wọn kò jẹ́ kí ọ̀kan gba àyè èkejì.