Omi Tí Ó Mọ́ Lójú

Ní ọdún 1959 ni Alhaji Seidu Kardo àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ ìlú Madina dó sórí ilẹ̀ àwọn ará La, ní àríwá Accra, kò jìnnà sí Legon. Ìlú náà tètè gbòòrò ju páìpù omi ìjọba lọ, ó sì di pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìdílé púpọ̀ níbẹ̀ ń gbójú lé kànga àti ọkọ̀ tánkà. Ẹni tí ó bá ra omi bẹ́ẹ̀, ojú àti imú ni ó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: bí kò bá rú, tí kò sì rùn, a gbé e mu.

Ìdánwò yìí tó fún ẹrẹ̀. Kò tó fún májèlé ilé iṣẹ́. Àwọn oje kan wà tí a fi ń yọ ọ̀rá kúrò lára irin àti aṣọ. Ọ̀kan tí ó lókìkí nínú wọn ni trichloroethylene. Bí a bá dà á sílẹ̀, yóò wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí ó sì ti wúwo ju omi lọ, yóò rì sí ìsàlẹ̀ omi abẹ́ ilẹ̀, yóò máa yọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Álọ́ọ̀mù kò ràn án. Bí a bá sì se omi náà, májèlé yóò bá oruku rẹ̀ jáde, ẹni tí ń dáná ni yóò fà á símú.

Camp Lejeune, àgọ́ ológun kan ní North Carolina, ni Amẹ́ríkà ti kọ́gbọ́n. Láti ọdún 1953 ni omi ibẹ̀ ti bàjẹ́, apá kan láti inú ìdọ̀tí iṣẹ́ àgọ́ náà, apá kan láti ilé alágbàfọ̀ tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀. Àyẹ̀wò fi àwọn oje náà hàn ní 1982; síbẹ̀, di ìparí 1984 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1985 kí a tó ti àwọn kànga tí ó burú jùlọ. Ìwádìí ti so omi náà mọ́ àrùn jẹjẹrẹ inú kíndìnrín àti ti inú ẹ̀jẹ̀. Ọdún 2022 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwọn tí ó mu ún láyè láti pe ìjọba lẹ́jọ́. Ọmọ tí a bí ní àgọ́ náà ní 1953 ti di arúgbó ẹni ọdún 69!

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọ̀ràn òyìnbó. Ní Ogale, ilẹ̀ Eleme ní ìpínlẹ̀ Rivers, Nàìjíríà, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń bójú tó àyíká jábọ̀ ní 2011 pé àwọn ìdílé ń mu omi kànga tí ó ní benzene nínú. Nínú epo bẹntiróòlù ni benzene wà, àwọn ilé iṣẹ́ náà sì ń lò ó. Ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí ó ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan. Ti Ogale ju ìwọ̀n náà lọ ní ìlọ́po 900. Epo tí a ti fọ̀, tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8, ń léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, láti ibi epo kan tí a gbọ́ pé ó ti dà sílẹ̀ ní ohun tí ó ju ọdún 6 lọ ṣáájú. Àwọn aṣèwádìí náà sọ pé àtúnṣe ilẹ̀ Ogoni lè gba ọdún 25 sí 30.

Kì í ṣe páìpù epo nìkan ni ó ń ṣe irú èyí. Mẹkáníìkì tí ń da òróró àti tínà sílẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ wà ní gbogbo ìlú ńlá wa, kànga sì lè wà ní ẹ̀yìn ògiri kejì. Ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè rí ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú omi, ẹni tí ń ta omi ní ojú títì kì í sì í gbé e dé ibẹ̀ kí ó tó tà á.