Ọ̀rọ̀ Iwájú Ọkọ̀

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ ka èdè Yorùbá. Kí n tó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ka iwájú ọkọ̀ akẹ́rù. Ní abúlé kòkó tí a ń gbé ní ìgbèríko Ilé-Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ tí ń wọlé kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí a kọ sára wọn ni àwa ọmọdé sì fi ń dá wọn mọ̀. Bí a bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì láti òkè odò, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: Ayé Ń Yí ni àbí Ẹ̀yìn Ọ̀la? Ẹni tí ó bá pe orúkọ ọkọ̀ náà kí ó tó yọ sí wa ni ó borí. Mo ti mọ ìrísí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé lẹ́tà ni wọ́n ń jẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà jẹ́ ti àbúrò bàbá mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Bedford ni, imú rẹ̀ yọ síwájú, pákó ni a fi kan ara rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún. Lórí pátákó tí ó wà lókè orí awakọ̀ ni a fi ọ̀dà pupa kọ SURULERE sí gàdàgbà, láìsí àmì ohùn kankan. Láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tí ó pe àbúrò bàbá mi ní orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n mọ́. Bàbá Sùúrù ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, ìyàwó wọn sì di Ìyá Sùúrù. Bẹ́ẹ̀ n kò mọ ẹni tí ó tètè máa ń bínú jù wọ́n lọ ní gbogbo agbègbè náà. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan gun ọkọ̀ náà ní Ìbàdàn pẹ̀lú agbọ̀n adìẹ, ó jókòó jẹ́ẹ́ títí wọ́n fi dé Àṣejirẹ kí ó tó béèrè pé nígbà wo ni àwọn yóò dé Èkó. Ó ti ka iwájú ọkọ̀, ó sì gbà pé Sùúrùlérè ti Èkó ni wọ́n ń lọ. Bí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní pípín ọ̀rọ̀ nínú àkọtọ́ Yorùbá, ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún wọn. Ó yé wọn ju gbogbo òfin tí ó wà nínú ìwé lọ.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa Bedford fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Vauxhall, tí General Motors ti Amẹ́ríkà ni lásìkò náà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìlú Luton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931. Bedfordshire ni Luton wà, ibẹ̀ sì ni orúkọ náà ti jáde. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ fífúyẹ́ láti Amẹ́ríkà, bíi Ford àti Chevrolet, ni wọ́n rọrùn láti lò ní ojú ọ̀nà wa, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ wúwo ju ohun tí ọ̀nà erùpẹ̀ àti afárá onígi lè gbà. Bedford rọ́wọ́ mú nítorí pé kò wúwo jù, ó lágbára, àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnnì, irin abẹ́ ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń ti òkè òkun wá. Àwọn káfíńtà wa ni wọ́n ń kan ara tí ó kù: ilé awakọ̀, pákó ẹ̀gbẹ́, òrùlé, àti àwọn bẹ́ǹṣì gbọọrọ tí èrò ń jókòó lé láàrin àpò kòkó àti ìdì iṣu. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni ọkọ̀ ti ń lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Nígbà tí ó bá fi máa jáde sójú ọ̀nà, ìdajì rẹ̀ ti di ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Ifẹ̀.

Ìdí tí àwọn ènìyàn wa fi fẹ́ràn ọkọ̀ akẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ wà níhìn-ín, mo sì rò pé a kò tíì fún un ní àyè tí ó tọ́ sí i nínú ìtàn àṣà wa. Reluwé ni ó kọ́kọ́ dé. Ó wọ Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Ní 1906 ni wọ́n ṣí ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Àwọn ènìyàn kí reluwé, wọ́n jó fún un, wọ́n sì fi ìró rẹ̀ dá orin. Ṣùgbọ́n ohun ìjọba ni reluwé. Kò sí àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò kan tí ó lè mú ọ̀dà lọ kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí i níwájú. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ẹ̀rọ ńlá àkọ́kọ́ tí ọmọ ilẹ̀ yìí lè fi owó kòkó rà, tí ó lè pè ní tirẹ̀, tí ó sì lè sọ lórúkọ. Sálámì Àgbájé ti Ìbàdàn ṣòwò ọkọ̀. Louis Ojukwu fi í di gbajúgbajà ní Èkó. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá ti ṣòwò ọkọ̀ akẹ́rù ní àwọn ọdún 1930, kí ó tó lọ kọ́ nípa òfin, ó sì jẹ́ akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu pé ìjọba amúnisìn kọ ojú òǹrorò sí àwọn ọlọ́kọ̀ wọ̀nyí, nítorí pé ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ reluwé ń pọ̀ sí i.

Orúkọ tí àwa Yorùbá sọ irú ọkọ̀ yìí kò dùn létí. Bọ́ọ́lẹ̀kájà ni a pè é. Àwọn kan ní ìjà àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni ó bí orúkọ náà. Àwọn mìíràn ní àwọn èrò fúnra wọn ni, tí orúnkún ń kọ lu orúnkún títí ọ̀rọ̀ fi ń di iṣu ata yán-an yàn-an. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, orúkọ náà rin ìrìn-àjò tí ọkọ̀ kò lè rìn. Ní 1980, Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwé kan jáde lórí lítíréṣọ̀ Áfíríkà, wọ́n sì pe ara wọn ní alámèyítọ́ bọ́ọ́lẹ̀kájà. Wọlé Ṣóyínká sì wà lára àwọn tí wọ́n sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí jù. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ọkọ̀ Yorùbá ni wọ́n gùn lọ bá ọmọ Yorùbá jà. Bẹ́ẹ̀ Ṣóyínká náà ni ó ti gbé ọkọ̀ kan sórí ìtàgé nínú eré The Road ní 1965, ọkọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ mọ́, tí a sọ di ìsọ̀ tí a ti ń ta àwọn ohun èlò tí a yọ lára ọkọ̀ tí ó ti forí sọ.

Ní ti àkọlé ara ọkọ̀, lítíréṣọ̀ ni èmi kà á sí, n kò sì bẹ̀rù láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ó kúrú bí òwe, ó ń ṣe iṣẹ́ oríkì, ó sì ń ṣe iṣẹ́ àdúrà. Ẹni tí ó kọ Kò S'Ọ́ba Bí Ọlọ́run lè máa dá ọba ìlú rẹ̀ lóhùn. Ẹni tí ó kọ Ẹ̀dá Kò L'Áròpin ń bá àwọn ìbátan rẹ̀ wí, àwọn tí wọ́n ní kò lè là. Ọlátúndé Báyọ̀ Láwuyì tẹ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1988 lórí ohun tí àwọn awakọ̀ takisí Yorùbá ń kọ sára ọkọ̀ wọn, ó sì jẹ́ kí a rí i pé ìran tí awakọ̀ rí nípa ayé àti nípa ipò ara rẹ̀ wà nínú gbólóhùn kékeré náà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú takisí, pátákó rẹ̀ sì fẹ̀ ju ara takisí lọ. Ògún pẹ̀lú wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ a kọ orúkọ rẹ̀ tàbí a kò kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni ó mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí ajá kú.

A kò dá nìkan fẹ́ràn ọkọ̀ báyìí. Ní Pakistan, ọkọ̀ Bedford kan náà tí ó ti Luton wá ni wọ́n fi ṣe ìyàwó. Wọ́n ya òdòdó, ẹyẹ àti ojú àwọn olókìkí sí i, wọ́n kọ ewì kéékèèké ní èdè Urdu sí i lẹ́yìn, wọ́n sì so ṣaworo mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní 2002, nígbà àjọ̀dún àṣà ìbílẹ̀ tí àjọ Smithsonian máa ń ṣe ní Washington, wọ́n gbé irú Bedford bẹ́ẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ayàwòrán Haider Ali sì ń kùn ún lójú àwọn òǹwòran. Ní Japan, iná oríṣiríṣi àti irin dídán ni àwọn awakọ̀ fi ń ṣe tiwọn lọ́ṣọ̀ọ́. Fíìmù mẹ́wàá ni a ṣe nípa irú àwọn awakọ̀ bẹ́ẹ̀ láàrin 1975 àti 1979. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn tí ń tọ́jú ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ti wà láti 1958, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sì wà fún un ní Leyland ní ìpínlẹ̀ Lancashire. Àwọn arúgbó tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ń fọwọ́ ara wọn nu ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ó tó wọn lọ́jọ́ orí, wọ́n ń wà á láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ sí Brighton ní etí òkun. Orúkọ Leyland kò ṣàjèjì sí wa, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan wà ní Ìbàdàn nígbà kan rí tí ó ń to ọkọ̀ Leyland.

Bedford kò sí mọ́. General Motors dáwọ́ ṣíṣe àwọn ọkọ̀ ńlá rẹ̀ dúró ní 1986. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni Mercedes 911 ti Jámánì ti gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Mẹ́sàn-án tí ó ṣáájú nínú orúkọ rẹ̀ dúró fún ìwọ̀n tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lè wọ̀n, mọ́kànlá ẹ̀yìn sì dúró fún agbára àádọ́fà ẹṣin. Àwọn Igbo ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gwongworo, ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ lórí gegele kò ní béèrè ìdí. Lónìí, tírélà ni ó gbòde, DAF, Mack àti Howo ti Ṣáínà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ẹni tí ń wà á kì í sì í ṣe ẹni tí ó ni ín. Mo ṣì ń rí ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn àwọn kan, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ rí kí a fi orúkọ tírélà pe ìyàwó ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí a tọ́jú díẹ̀ nínú àwọn ti àtijọ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní 1976 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn títí di òní. Ẹni tí ó bá rí ihò ọta lára rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé irin náà ń sọ ìtàn. Èrò yìí ni mo gbé lọ́kàn lọ sí abúlé wa ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo ń kó àkọlé ara ọkọ̀ jọ, àbúrò bàbá mi sì ṣì wà láyé. Bíréèkì ọkọ̀ wọn ti kọ̀ iṣẹ́ lórí òkè kan ní ọ̀nà Ìbàdàn ní 1981. Obìnrin méjì ará abúlé wa kú. Àbúrò bàbá mi kò tún wa ọkọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n wọ́ ìyókù rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì wà níbẹ̀ títí àwọn tí ń ra irin àlòkù fi wá gé e kó lọ.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo béèrè pátákó iwájú. Wọ́n fi àgbọ̀n júwe ilé ewúrẹ́. Pátákó náà ni ìlẹ̀kùn rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ sí yunifásítì, pé n ó ra ìlẹ̀kùn tuntun dípò rẹ̀, pé àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò máa kà á.

Wọ́n ní, “Àwọn ọmọ àwọn tí ó kú sí i ń gbé níhìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sódò ni ilé ewúrẹ́ yìí wà. Kí ló dé tí o rò pé mo fi dojú ìwé rẹ̀ kọ inú? Ewúrẹ́ kò mọ̀wé.”

N kò lè fèsì, títí di òní n kò sì ní èsì. Wọ́n gbà kí n wọlé lọ wò ó, kí n sì dà á kọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí n yà á ní fọ́tò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wọ inú òórùn ibẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Òjò àti oòrùn kò dé ẹ̀gbẹ́ inú, nítorí náà ọ̀dà pupa náà kò ṣí púpọ̀. Ìgbà tí mo fojú sún mọ́ ọn ni mo tó rí i pé ayàwòrán náà fi àlàfo sílẹ̀ láàrin U àti L. Kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, a kò sì lè rí i láti ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti pín in sí ọ̀rọ̀ méjì.