Orúkọ Ọmọ Lára Ọ̀já Ìwé Òfin

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí láàárín àwa Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni ó rí láàárín àwọn Júù láti ìgbà láéláé. Orúkọ Isaaki jẹ mọ́ ẹ̀rín. Benjamini sì ni ọmọ ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọjọ́ kẹjọ ni a ń kọ ọmọkùnrin nílà tí a sì ń sọ ọ́ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí Luku ti ròyìn nípa Johanu àti nípa Olúwa wa. Ṣùgbọ́n ẹnu ni a fi ń pe orúkọ, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé ohùn lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn Júù ilẹ̀ Jámánì ṣe kí orúkọ ọmọ má baà parun.

Níbi ìkọlà, wọn a ya àga kan sọ́tọ̀ fún wòlíì Elijah, ẹni tí wọ́n gbà pé ó ń wá ṣe ẹlẹ́rìí májẹ̀mú. Ní Jámánì, àga náà sábà máa ń ní ibùjókòó méjì: ọ̀kan fún ẹni tí yóò gbé ọmọ lé itan, èkejì fún wòlíì náà. Àga yìí jẹ́ ti gbogbo ìjọ. Ohun tí ó jẹ́ ti ọmọ gan-an ni aṣọ ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fi wé e ní ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ìkọlà, wọn a fọ aṣọ náà, wọn a gé e sí ọ̀nà mẹ́rin, wọn a sì rán an ní orí dé ìdí, títí yóò fi di ọ̀já tí gígùn rẹ̀ lè tó mítà 3. Wimpel ni wọ́n ń pè é. Ìyá tàbí ìyá àgbà a fi abẹ́rẹ́ àti òwú aláràbarà kọ orúkọ ọmọ ní lẹ́tà Hébérù sí i lára, pẹ̀lú orúkọ baba rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti àdúrà pé kí ó dàgbà sínú Òfin, kí ó gbéyàwó, kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ rere. Nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 3, baba a mú un lọ sí sínágọ́gù, wọn a sì fi ọ̀já náà di ìwé Òfin. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò rántí ẹ̀wù kékeré tí Hanna ń dá fún Samueli lọ́dọọdún.

Ìtàn àwọn Júù so àṣà yìí mọ́ Rabbi Jakobu Moellin ti ìlú Mainz, tí ó kú ní ọdún 1427. Wọ́n ní aṣọ kò sí níbi ìkọlà kan. Ó sì ní kí a lo ọ̀já ìwé Òfin, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì dá a padà pẹ̀lú ẹ̀bùn owó.

Láyé àtijọ́, ọmọkùnrin nìkan ni a ń ṣe é fún. Lónìí àwọn ìdílé kan ń ṣe é fún ọmọbìnrin pẹ̀lú.

Ní òru ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 10 oṣù November 1938, àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler sun sínágọ́gù, wọ́n sì wó wọn, iye tí ó ju 1,000 lọ. Nínú ogun tí ó tẹ̀lé e, nǹkan bí 1,500,000 ọmọ Júù ni a pa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ibojì tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Ọ̀já púpọ̀ jóná, ṣùgbọ́n díẹ̀ kù. Àwọn tí ó sá lọ sí Amẹ́ríkà gbé òmíràn dání, òmíràn sì wà ní ilé tí a ń kó ohun àtijọ́ sí. Ní abúlé tí Júù kankan kò sí mọ́, ọ̀já yìí lè jẹ́ ẹlẹ́rìí pé a bí ọmọ kan níbẹ̀, a sì yọ̀ sí i.

Lónìí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́ orúkọ Hébérù sára àga kékeré fún ọmọdé, kí ó lè jẹ́ ohun ìrántí. Ẹ̀bùn rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í pẹ́ dàgbà ju àga rẹ̀ lọ. Ọ̀já yìí kọ́ wa pé orúkọ ọmọ kì í ṣe ti ilé baba rẹ̀ nìkan: ìjọ ni a fi í pamọ́ sí lọ́wọ́. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, kí ó kọ ọ́ dáradára. Ẹlẹ́rìí ni òun náà.