Àpápá àti Ajégúnlẹ̀: Ọgọ́rùn-ún Ọdún Èbúté

Láti 1926, nígbà tí ọkọ̀ òkun kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ibùdókọ̀ mẹ́rin tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sí Àpápá ní 1921, títí di 2026, ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún gééré. Bí ó sì ti jẹ́ pé àwọn àgbà tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ń fi ayé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, bí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n fara kan ara wọn ṣe di ìlú ọlọ́rọ̀ àti ìlú mẹ̀kúnnù.

Àwa Àwórì ni a ni ilẹ̀ náà. Ní Èkó Akété, ilé ọgbọ́n, àwọn Ìdẹ́jọ, ọmọ Olófin, àwọn olóyè onífìlà funfun, ni wọ́n pín ilẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́: Olúmẹ́gbọ́n, Arómirẹ́, Olótó, Ojóra, Oníru, Ẹlẹ́gúṣì, Oníkòyí, Onítọ̀lọ́, Onítàná, àti Olúwa. Kí àwọn ọmọ Ojóra má ṣe bínú sí mi. Ìjọra àti Ìgànmú kò bọ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá di ti ilé ẹjọ́, orúkọ Olúwa ni a kọ sójú ìwé.

Ìjà náà ni mo fẹ́ sọ. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọ́n sì ní àwọn Ìdẹ́jọ kì í ṣe onílẹ̀, pé ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó tọ́ sí wọn, nítorí náà owó gbà-má-bínú kò gbọdọ̀ pọ̀. Ilé ẹjọ́ Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba. Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun àti Herbert Macaulay tí ó gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ lọ́wọ́, wọ́n sì pe ẹjọ́ náà síwájú Privy Council, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà. Ní oṣù Keje 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́ náà: ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ti ará ìlú, olóyè ni ó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀, ìjọba sì gbọdọ̀ san owó rẹ̀ bí ẹni tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ gan-an. Pọ́n-ùn 22,500 ni wọ́n san. Ẹni tí a nà tí kò lè sunkún a máa wá ẹlòmíràn tí yóò nà: ìbínú ìjọba lórí ọ̀pá àṣẹ tí Macaulay gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù wà lára ohun tí wọ́n fi yọ Ẹlẹ́kọ lóyè ní 1925, tí wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, tí kò fi padà wálé títí di 1931.

Lẹ́yìn ìdájọ́ náà, ìjọba la Àpápá sí ojúlé àwọn òyìnbó, ọ́fíìsì àti ilé iṣẹ́. Ilé ìlọ̀yẹ̀fun Flour Mills pàápàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1962. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn alábàárù wáàfù àti òṣìṣẹ́ rélùwéè yóò máa sùn? Ajégúnlẹ̀ ni, ní òdì kejì ààlà tí a ń pè ní Bọ́ńdárì, nítorí abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wà nígbà náà, kì í ṣe Èkó, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì wọ́n. Ìlàjẹ dé, Ìjọ̀ dé, Urhobo dé, Ìgbò, Hausa àti Ẹ̀gùn dé, Yorùbá láti òkè wá bá wọn, títí tí àwa onílẹ̀ fi di ìwọ̀nba láàárín àlejò wa. Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1967 so ìlú méjèèjì pọ̀ lábẹ́ ìjọba kan, ṣùgbọ́n kò so àpò wọn pọ̀.

Ìkànìyàn 2006 ni ó tún dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ka 684,105 ní Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn, níbi tí Ajégúnlẹ̀ wà, ó sì ka 217,362 ní Àpápá. Ìjọba ìpínlẹ̀ ka tirẹ̀, ó ní 1,435,295 àti 522,384. Èmi kò fẹ́ dá ẹjọ́, àmọ́ ẹni tí ó bá ti gba Bọ́ńdárì kọjá nírọ̀lẹ́ yóò mọ èyí tí ó sún mọ́ òótọ́. Ìkà méjèèjì ṣáà fi hàn pé èrò tí ó wà ní ìlú mẹ̀kúnnù tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti ìlú ọlọ́rọ̀, lórí ilẹ̀ tí kò ju kìlómítà méjìlá ó lé díẹ̀ níbùú lóòró.

Ìyókù kò gùn. Ajégúnlẹ̀ bí agbábọ́ọ̀lù Samson Siasia àti olórin Daddy Showkey fún ayé. Ìjà Yorùbá àti Hausa ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2000. Wọ́n fi èbúté lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní 2006. Tírélà sì dí títì Àpápá títí àwọn ọlọ́rọ̀ fi ń kó jáde.

Láti 2006 ni a kò tíì tún ka ènìyàn ní Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, nígbà tí ó bá dé, ẹ dúró sílé kí a kà yín pé. Ẹ̀yin ọmọ Olúwa, ẹ wá ìwé ìdájọ́ 1921 jáde, kí ẹ kà á fún àwọn ọmọ yín.