Ohùn Tó Kún: Bí Synthesizer Ṣe Dé Orí Ìtàgé

Lóṣù tó kọjá, àbúrò kan tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Mo ti ń tọ́jú owó láti ọdún méjì. Mo fẹ́ ra synthesizer gidi, analogue, èyí tí ohùn rẹ̀ warm, tí mo lè máa gbé lọ òde eré. Èwo ni kí n rà?"

Èmi kì í ṣe olórin o. Kóòdù ni mo ń kọ jẹun. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìtàn ẹ̀rọ, pé tí wọ́n bá ti bi mí léèrè, mi ò ní dákẹ́ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì, ó gùn, ó gùn, ó di àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "warm" yẹn. Tí a bá pè é ní ohùn gbígbóná, a ti ṣì í. Ohun tí àwọn olórin ní lọ́kàn ni ohùn tó kún, tó nípọn nísàlẹ̀, tí kò ha etí, tó sì ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ohùn èèyàn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyá ìlù dùndún lójú agbo mọ ohun tí mò ń wí. Bó lu ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò ní jáde bákan náà gẹ́lẹ́.

Ẹ̀rọ analogue kì í fi nọ́ńbà ṣírò ohùn bíi kọ̀ǹpútà. Iná fúnra rẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà, ìlọ-bọ̀ yẹn ló sì ń di ìró nígbà tó bá dé inú sípíkà. Apá tó ń dá ìró sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní oscillator. Apá tó ń gé ohun tó ń ha etí kúrò lára rẹ̀ ni filter.

Ọ̀gbẹ́ni Robert Moog, tí wọ́n bí ní New York lọ́dún 1934, ló sọ méjèèjì di ohun èlò orin tí ayé mọ̀. Láti kékeré ló ti ń kọ́ theremin, ohun èlò tí èèyàn ń fi ọwọ́ darí láìfọwọ́ kàn án. Lọ́dún 1964, òun àti Herbert Deutsch, tó jẹ́ olùkọ́ orin, gbé synthesizer àkọ́kọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Òfin kan tó gbé e kà rọrùn gan-an: fólítì kan, octave kan. Fi fólítì kan kún iná tó ń wọlé, ohùn á gbéra láti doh dé doh òkè. Filter rẹ̀, tí wọ́n to transistor sí bí àkàbà, gba ìwé àṣẹ ìmọ̀-ẹ̀rọ lọ́dún 1969. Títí dòní, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ohùn tó kún, àkàbà yẹn ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n.

Lọ́dún 1968, Wendy Carlos gbé àwo Switched-On Bach jáde, orin Bach látòkè délẹ̀ lórí Moog. Ó tà ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: ìró kan ṣoṣo lẹ̀rọ náà lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni Carlos ń gbà á sílẹ̀, tó ń tò ó lé ara wọn lórí téèpù. Ẹ̀rọ ọ̀hún tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, wáyà sì lọ́ mọ́ ọn lára bí ìtàkùn. Keith Emerson gbójú gbóyà gbé irú rẹ̀ lọ orí ìtàgé, àmọ́ ẹni mélòó ló lágbára ìyẹn?

Minimoog ló tú àwọn olórin sílẹ̀, lọ́dún 1970. Bill Hemsath, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà Moog, ló fi àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ to àkọ́kọ́ rẹ̀ pọ̀. Oscillator mẹ́ta, kò sí wáyà lójú, ẹnì kan sì lè dá a gbé. Ibi tó dùn mọ́ èmi tí mò ń kọ kóòdù nínú ni pé ìṣirò kan ṣì: ohùn tó ń wọ inú filter rẹ̀ lágbára ju bó ṣe yẹ lọ, ó wá ń mú kí ohùn nípọn sí i. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, bug nìyẹn. Létí olórin, adùn ni. Kí wọ́n tó dá ṣíṣe rẹ̀ dúró lọ́dún 1981, wọ́n ti ṣe ju 12,000 lọ.

Ibi tí wàhálà òde eré ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Transistor ń gbọ́ ooru. Bí ara ẹ̀rọ bá ṣe ń móoru, bẹ́ẹ̀ lohùn ń yẹ̀. Ìdí nìyí táwọn olórin fi máa ń tan Minimoog sílẹ̀ tipẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí onílù tiwa ṣe ń na awọ ìlù sí oòrùn tàbí iná kó lè le kó tó lù ú. Àbúrò mi yìí náà mọ̀ ọ́n lára. Lọ́dún tó kọjá, ó yá ògbólógbòó synth lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó gbé e lọ òde ìgbéyàwó. Oòrùn ọ̀sán, iná jẹnẹrétọ̀ tó ń lọ sókè sódò. Nígbà tí wọ́n fi máa dé orin kejì, ẹ̀rọ ti wà láàárín doh àti ray. Akọrin bojú wẹ̀yìn wò ó. Ó ní òun ò tíì gbàgbé ojú yẹn.

Ìṣòro kejì ni pé ẹ̀rọ kò ní ìrántí. Tí orin kan bá parí, ọwọ́ lo máa fi yí gbogbo bọ́tìnnì padà kí ohùn orin tó kàn tó jáde, àwọn èrò sì ń wò ẹ́.

Ta ló wá gba analogue sílẹ̀? Kọ̀ǹpútà ni. Lọ́dún 1978, Dave Smith ní Kalifọ́níà gbé Prophet-5 jáde. Ó fi microprocessor sínú rẹ̀, tó ń rántí ohùn 40. O lè tẹ ìró márùn-ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́tìnnì kan sì wà tó jẹ́ pé tí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á tún ohùn ara rẹ̀ ṣe. Lọ́dún 1982, Roland ní Japan gbé Juno-60 dé pẹ̀lú ìró mẹ́fà. Aago dígítà ló ń darí oscillator tirẹ̀, nítorí náà kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tí kì í yẹ̀ rárá lè dàbí òkú, ni wọ́n bá fi chorus sí i kó tún máa mì.

Lọ́dún 1983, Yamaha kó DX7 dé. Dígítà pátápátá, ìró 16, ohùn rẹ̀ ń dún gbangba bí agogo. Ó tà ju 200,000 lọ, ọ̀pọ̀ olórin sì ta analogue wọn ní ọ̀pọ̀. Nílé wa níbí, ní Enugu, William Onyeabor kò bá wọn kánjú. Láàárín 1977 sí 1985 ló fi synthesizer ṣe àwo orin mẹ́jọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Luaka Bop kó díẹ̀ nínú wọn jọ jáde lọ́dún 2013, ayé tún yà lẹ́nu. Lọ́dún 2016, Moog tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Minimoog. Lọ́dún 2020, Prophet-5 tuntun jáde pẹ̀lú bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ "Vintage" sí: bí o bá ṣe yí i tó, bẹ́ẹ̀ lohùn á ṣe máa yẹ̀ tó. Ohun tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ sá fún ni wọ́n ń fowó rà padà.

Nítorí náà, àbúrò mi, èsì mi rèé. Má ra ògbólógbòó torí orúkọ. Juno-106 àtijọ́ dùn lóòótọ́, àmọ́ àwọn chip ohùn rẹ̀ máa ń kú, ìró kan á kàn sọnù láàárín orin. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe orin báàsì tàbí ìró kan ṣoṣo, ẹ̀rọ olóhùn kan tó. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́ọ̀dù lo máa tẹ̀, o nílò ìró mẹ́rin ó kéré tán. Wo àwọn tuntun bíi Korg Minilogue: ìró mẹ́rin, ìrántí 200, oscillator analogue. Kó o tó sanwó, ní kí wọ́n tàn án sílẹ̀ fún wákàtí kan, kó o wá tẹ doh, kó o fi wé kíbọ́ọ̀dù mìíràn. Má gbàgbé stabilizer.

Ó kà á tán, ó fèsì: "Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Wákàtí kan? Àwọn tó ń tà á á lé mi jáde." Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ. Ọjọ́ Sátidé la máa lọ.